Ìrìn ẹsẹ̀ lábúlé olókè, èmi, màmá mi àti ọmọ méjì: ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ÌyáỌmọMéjì
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ mi méjì (ọ̀kan ọdún 7, èkejì ọdún 11) àti màmá mi tó ti lé díẹ̀ ní 60 lọ sí abúlé kan tó wà láàárín òkè, ọjọ́ mẹ́ta la máa lò, kì í sì í ṣe ká lọ jókòó ká máa ya fọ́tò o, rírìn gan-an la fẹ́ rìn. Mo ti rí àwòrán ibẹ̀, òkè tutù yọ̀yọ̀, odò kékeré kan ń ṣàn gba ìsàlẹ̀, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan sì wà tó yí òkè náà po tó tún já padà sí abúlé, wọ́n ní kìlómítà 12 ni, téèyàn bá ro gbogbo ibi tó ti ń gòkè pọ̀ ó tó mítà 500. Lójú tèmi kìlómítà 12 ò pọ̀, wákàtí mẹ́ta ni mo fi sí i. Mi ò rin irú ẹ̀ rí, àwọn ọmọ náà ò rìn ín rí, màmá mi lágbára ṣùgbọ́n orúnkún máa ń dùn wọ́n díẹ̀díẹ̀. Kí ni kí n rà, kí ni kí n má wulẹ̀ rà, kí ni kí n ṣọ́ra fún? Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi.

AlárìnkiriÀgbà
Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ wákàtí mẹ́ta yẹn torí ibẹ̀ ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ará Scotland kan tó ń gun òkè, William Naismith, ló gbé ìṣirò kan kalẹ̀ lọ́dún 1892 tá a ṣì ń lò títí dòní: wákàtí kan fún kìlómítà 5, kẹ́ ẹ wá fi wákàtí kan lé e fún gbogbo mítà 600 tẹ́ ẹ bá gùn. Tiyín ńkọ́? Kìlómítà 12 á gba bíi wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 24, mítà 500 á fi ìṣẹ́jú 50 lé e, ó ti ju wákàtí mẹ́ta lọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ẹni tára ẹ̀ le, tí kò dúró mumi, tí kò dúró tún okùn bàtà so ni ìṣirò yẹn wà fún. Ọmọ ọdún 7 á rí labalábá á fẹ́ lé e, màmá á fẹ́ jókòó sórí òkúta kí wọ́n mí díẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ń jẹ àkókò. Ẹ kà á sí wákàtí mẹ́fà, kẹ́ ẹ tún fi wákàtí méjì sílẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn tí ilẹ̀ ò tíì ní ṣú. Tí oòrùn bá ń wọ̀ ní aago 6, aago 4 ló yẹ kẹ́ ẹ ti dé abúlé padà, tó túmọ̀ sí pé aago 10 àárọ̀ ò gbọdọ̀ bá yín nílé, aago 8 ló dáa jù.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání jù ni aago ìyípadà. Kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ mú aago kan, ẹ sọ fún gbogbo ẹni tẹ́ ẹ jọ ń lọ pé tó bá ti lu aago yìí, ibi yòówù ká dé, à ń padà nìyẹn, ì báà jẹ́ pé à ń wo orí òkè náà ní ọ̀ọ́kán. Inú ilé ni kẹ́ ẹ ti pinnu ẹ̀ o, torí tó bá ti rẹ èèyàn, tójú ẹ̀ sì ti wọ ibi tó ń lọ, orí kì í fi bẹ́ẹ̀ ro nǹkan dáadáa mọ́.

Tọ́ọ̀ṣìLọ́wọ́
Ẹ̀gbọ́n, ẹ gba ohun tí wọ́n sọ yìí gbọ́ torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Àwa mẹ́ta la lọ, a ò tètè jí, ó ti ń lọ sí aago 12 ká tó gbéra. A ń gùn, a rí orí òkè níwájú, a ní ó kù díẹ̀, a débẹ̀, kì í ṣe orí ẹ̀ rárá, èjìká òkè lásán ni, òmíràn wà lẹ́yìn ẹ̀ tó ga jù ú lọ, a tún ní ó kù díẹ̀. Bá a ṣe ń tan ara wa jẹ nìyẹn títí oòrùn fi pọ́n. Ibi tá a ti ń sọ̀ kalẹ̀ nilẹ̀ ṣú bá wa. Lọ́sàn-án, gbogbo èèyàn ló ń rí àmì ọ̀dà funfun tí wọ́n fi sára òkúta láti fi ọ̀nà hàn, àmọ́ lálẹ́ iná fóònù ò ràn kọjá ìṣísẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin, koríko tó wà níwájú ẹ nìkan ló máa tàn yòò, gbogbo ibi yòókù á dúdú kirikiri. A dé oríta kan, ọ̀nà méjèèjì jọra bí ìbejì, èyí tá a gbà, lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú ó kàn parí sínú igbó ẹ̀gún. Bátìrì fóònù tèmi ti kú. Ajá kan tó ń gbó lókèèrè la fi mọ apá ibi tí abúlé wà, ká tó dé aago 9 ti kọjá, ọ̀kan nínú wa sì ti fẹsẹ̀ rọ́.

Látìgbà yẹn mo máa ń fi báírò kọ aago ìyípadà sẹ́yìn ọwọ́ mi. Mo sì ra tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mórí, kọ́wọ́ méjèèjì lè ráyè di nǹkan mú téèyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ra ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tọmọdé tàgbà, pẹ̀lú bátìrì tuntun, ẹ má ní ẹyọ kan ti tó gbogbo yín.

MàmáÀgbà_63
Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ bàtà lèmi fẹ́ sọ. Má ra bàtà tuntun lónìí kó o wọ̀ ọ́ gun òkè lọ́la. Ìrọ̀lẹ́ ni kó o lọ rà á, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ tó bá di ìrọ̀lẹ́, bó ṣe máa wú náà nìyẹn tó o bá ti rìn fún wákàtí mẹ́ta. Mú sọ́ọ̀sì tó o máa wọ̀ lọ dání. Kí àyè ìka kan wà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ àti imú bàtà, torí tó o bá ń sọ̀ kalẹ̀ ẹsẹ̀ á máa yọ̀ lọ síwájú, tí kò bá sáyè èékánná á máa gbá bàtà títí tó fi máa dúdú. Gé èékánná gbogbo yín ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Kẹ́ ẹ wá máa wọ bàtà náà kiri nínú ilé, ẹ máa wọ̀ ọ́ lọ síbi tẹ́ ẹ bá ń lọ, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì. Sọ́ọ̀sì òwú kò dáa fún ìrìn gígùn, ó máa ń fa òógùn mọ́ra kì í sì í tètè gbẹ, ti wúùlù tàbí èyí tó ń tètè gbẹ ni kó o wá.

Ohun tí kò sẹ́ni tó kọ́ mi àfìgbà tí mo jìyà ẹ̀ tán ni bí wọ́n ṣe ń so okùn. Ihò tó gbẹ̀yìn lókè, èyí tó sún mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ jù, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í lò, iṣẹ́ wà fún un. Má tíì ré okùn kọjá sódì kejì. Ki okùn ọ̀tún bọ ihò tó gbẹ̀yìn lápá ọ̀tún náà kó ṣe bí òrùka kékeré, ṣe bẹ́ẹ̀ lósì, wá ki orí okùn ọ̀tún bọ òrùka òsì, ti òsì bọ òrùka ọ̀tún, fà á kó le, kó o tó wá so ó. Gìgísẹ̀ ò ní máa gbéra nínú bàtà mọ́, tí kò bá sì gbéra kò ní máa ha bàtà, híha yẹn ló ń fa ìléròrò.

Tó o bá ti mọ̀ ọ́n pé ojú kan ń gbóná lẹ́sẹ̀, dúró níbẹ̀ gan-an, má ní o máa fara dà á dé ibi ìsinmi. Bọ́ bàtà, nu òógùn kó gbẹ, lẹ plásítà mọ́ ọn kó tẹ́jú dáadáa, wọ sọ́ọ̀sì tó gbẹ, kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Tó bá ti lé ròrò tán, orí bẹ́ẹ̀dì lo máa ti lo ọjọ́ tó kù. Àwọn ọmọ yẹn, máa bi wọ́n ní gbogbo wákàtí pé ẹsẹ̀ ńkọ́, ṣé ojú kankan ń gbóná, torí ọmọdé tó ń gbádùn ara ẹ̀ ò ní sọ àfi tó bá kù díẹ̀ kó sunkún.

Nọ́ọ̀sìKan
Màmá àgbà ti sọ ti ẹsẹ̀ tán, kí n fi ti ara kún un. Omi: bíi ìdajì lítà fún wákàtí kan fún àgbàlagbà, tí oòrùn bá mú kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó túmọ̀ sí pé wákàtí mẹ́fà lè gba lítà 3 fún ẹnì kan. Ó wúwo, àmọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń rìn ló ń fúyẹ́. Ẹ má dúró dìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ yín. Tẹ́ ẹ bá rí i pé orí ń fọ́ ẹnì kan, èébì ń gbé e, tó tún wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò mọ ibi tó wà, ẹ gbé e sábẹ́ ibòji, ẹ fi omi rin ín lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ sì pe ìrànlọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀.

Eégbọn: ṣòkòtò gígùn ni kí gbogbo yín wọ̀ níbi tí koríko bá ti ga, kẹ́ ẹ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú sọ́ọ̀sì. Tẹ́ ẹ bá padà dé, ẹ yẹ ara àwọn ọmọ wò, ẹ̀yìn orúnkún, abẹ́ abíyá, ìdí ìrun orí, ẹ̀yìn etí. Tẹ́ ẹ bá rí i tó ti so mọ́ ara, ẹ fi twísà dì í mú nísàlẹ̀ pátápátá níbi tó ti kan awọ ara, ẹ fà á sókè tààrà láìyí i. Ẹ má fi iná jó o, ẹ má fi òróró pa á lára. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, tí ibà tàbí àmì pupa tó ń fẹ̀ bá jáde láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ lọ rí dókítà kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé eégbọn bù yín jẹ.

Ejò, kí ẹ̀rù má bà yín jù, ó ń sá fún ariwo ẹsẹ̀ èèyàn. Àmọ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.4 èèyàn ni ejò ń bù jẹ lọ́dọọdún, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni oró ń wọ̀ lára, nítorí náà ẹ jẹ́ kí gbogbo yín mọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe. Ẹ má so okùn mọ́ ẹsẹ̀, ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má fi ẹnu fa ẹ̀jẹ̀. Ẹ bọ́ òrùka àti bàtà kó tó wú, kí ẹni náà má rìn mọ́ tó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá. Ẹ má fi ọwọ́ bọ abẹ́ òkúta tẹ́ ẹ ò rí inú ẹ̀, ẹ kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ náà.

ÌyáỌmọMéjì
Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an, mo ti ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Wákàtí mẹ́fà yẹn ya mí lẹ́nu. Ìbéèrè: fóònù ńkọ́? Mo rò pé máàpù orí fóònù ti tó, ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń wà lórí òkè ni?

MáàpùNíBàágì
Ẹ má gbójú lé e rárá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè wà lórí òkè kó má sí ní àfonífojì, lápá kan òkè kó má sí lápá kejì. Àmọ́ GPS inú fóònù ò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì ló ti ń mọ ibi tẹ́ ẹ wà, máàpù tó yẹ kó wà lábẹ́ ẹ̀ ni kì í sí tẹ́ ẹ ò bá ti gbà á sílẹ̀. Torí náà ilé ni kẹ́ ẹ ti dáńlóòdù máàpù agbègbè náà. OpenStreetMap dáa gan-an fún ọ̀nà ẹsẹ̀, láti ọdún 2004 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, àwọn èèyàn bíi tiwa náà ló ń ya ọ̀nà sínú ẹ̀, àwọn áàpù ìrìn púpọ̀ ló sì ń lò ó. Tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn, ẹ fi fóònù sí flight mode, GPS á ṣì máa ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ fóònù, bátìrì á sì pẹ́. Òtútù máa ń tètè pa bátìrì, ẹ fi í sápò inú tó sún mọ́ ara. Ẹ mú páwàbáńkì, kẹ́ ẹ sì mú máàpù onípépà. Tẹ́ ẹ bá rí bọ́ọ̀dù máàpù níbi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ya fọ́tò ẹ̀, èyí ti yọ mí rí.

Ẹ tún ra fèrè, irú èyí tí rẹfirí ń fọn, ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ so ó mọ́ bàágì wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀, àmì pé èèyàn wà nínú ewu lórí òkè nìyẹn. Tí ẹni tó gbọ́ bá ń dáhùn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa fọn láàárín ìṣẹ́jú kan. Iná tọ́ọ̀ṣì náà ṣeé lò bẹ́ẹ̀ lálẹ́. Kẹ́ ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé tí wọn ò bá rí yín mọ́, kí wọ́n dúró sójú kan, kí wọ́n má máa wá yín kiri, kí wọ́n máa fọn fèrè. Nọ́ńbà pàjáwìrì 112 ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, nígbà míì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiyín ò bá sí ó lè gba ti ẹlòmíì kọjá.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù, ẹ sọ fún ẹni tẹ́ ẹ dé sílé ẹ̀ ní abúlé: ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà, aago tẹ́ ẹ máa padà, àti aago tí kó bẹ̀rẹ̀ sí í wá yín tí kò bá rí yín. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ lọ sọ fún un pé ẹ ti dé.

ỌmọBíbíAbúlé
Kí èmi tó dàgbà lábúlé náà sọ̀rọ̀. Ẹ bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀ léèrè ọ̀nà, wọ́n mọ̀ ọ́n ju máàpù lọ, wọ́n mọ ibi tí afárá ti já lánàá. Àmọ́ ẹ mọ bí ẹ ṣe máa béèrè. Tẹ́ ẹ bá ní "ṣé ó jìnnà?" wọ́n á ní "rárá o, ibí yìí náà ni", wọn ò purọ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rìn ín ni. Ẹ béèrè pé "tí ọmọ ọdún 7 bá bá wa lọ, aago mélòó la máa dé?" ẹ máa rí i tí wọ́n á dúró ronú.

Géètì tẹ́ ẹ bá bá ní títì, ẹ tì í padà, èyí tẹ́ ẹ bá bá ní ṣíṣí, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó nídìí tí olóko fi ṣe é. Etí oko ni kẹ́ ẹ máa gbà, kẹ́ ẹ tẹ̀ léra lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má tẹ ohun tí èèyàn gbìn. Màlúù tó ní ọmọ, ẹ yípo rẹ̀ lókèèrè, ẹ má gba àárín òun àti ọmọ ẹ̀ kọjá láéláé. Tẹ́ ẹ bá mú ajá dání, ẹ so ó mọ́ okùn, àmọ́ tí màlúù bá wá ń lé yín, ẹ tú ajá sílẹ̀, á sá àsálà fúnra ẹ̀, òun ni màlúù ń bínú sí.

Omi odò, bó ti wù kó mọ́ tó, ẹ má kàn bu ún mu, ẹ sè é kó hó fún odidi ìṣẹ́jú kan, tẹ́ ẹ bá wà lókè tó ju mítà 2,000 lọ ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìgbẹ́ ńkọ́, ẹ má jẹ́ kójú tì yín láti gbọ́ ọ: ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kó jìnnà sí omi tó mítà 60, kẹ́ ẹ bò ó, kẹ́ ẹ sì kó pépà tẹ́ ẹ lò sínú ọ̀rá padà wálé. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò yẹn, omi yẹn náà ni wọ́n ń lò.

ÒkèLỌ̀rẹ́Mi
Mo fẹ́ ta ko nǹkan kan díẹ̀. Gbogbo yín ń ṣètò kìlómítà 12 fún wọn, èmi ò gbà pé kí wọ́n rin ọ̀nà tó yípo yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ rárá. Ọ̀nà tó yípo, tẹ́ ẹ bá ti kọjá ìdajì, yíyí padà ò já mọ́ nǹkan kan mọ́, ọ̀nà jíjìn ló wà níwájú, jíjìn ló wà lẹ́yìn. Ọ̀nà àlọ-àbọ̀ lọ̀rẹ́ ọlọ́mọ, ibikíbi tó bá ti sú yín ẹ kàn yí padà, ẹ sì ti mọ gbogbo ojú ọ̀nà. Ọjọ́ kìíní, ẹ gba ẹ̀bá odò lọ kìlómítà méjì, kẹ́ ẹ padà, ẹ wo bí ẹsẹ̀ ṣe rí. Ọjọ́ kejì ẹ gun òkè títí aago ìyípadà.

AlárìnkiriÀgbà
Òótọ́ lẹ sọ, mo fara mọ́ ọn. Màmá ńkọ́ o, ẹ fún wọn ní ọ̀pá méjì, kì í ṣe ọ̀kan. Gígòkè ń mú èémí, sísọ̀ kalẹ̀ ló ń pa orúnkún, tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀pá gùn díẹ̀ sí i, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀pá gúnlẹ̀ kẹ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìṣísẹ̀ kéékèèké, níbi tó bá dagun jù kí wọ́n máa rìn ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó ń rọra rìn jù ni kó máa wà níwájú. Tó bá wà lẹ́yìn, ìgbà tó bá fi bá yín níbi tẹ́ ẹ ti ń sinmi, ẹ ti sinmi tán ẹ ti ń dìde, òun ò ní sinmi rárá.

Nǹkan kékeré kan fún àwọn ọmọ: tí oòrùn bá ti ń lọ sísàlẹ̀, kí wọ́n na ọwọ́ síwájú tààrà, kí wọ́n tẹ́ ọ sábẹ́ oòrùn, kí wọ́n ka iye ìka tó wà láàárín oòrùn àti ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ojú ọ̀run. Ìka kan jẹ́ bíi ìṣẹ́jú 15, ìka mẹ́rin wákàtí kan. Tí òkè bá dí ojú ọ̀run, ilẹ̀ á tètè ṣú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á máa wọn ọ́n lemọ́lemọ́, àwọn gan-an ló máa rán yín létí pé ó ti tó àkókò.

ÌyáỌmọMéjì
Ẹ̀yin èèyàn dáadáa. Tí òjò bá wá ká wa mọ́ òkè ńkọ́? Ṣé tó bá rẹ àwọn kan, kí màmá máa mú àbúrò padà, kí èmi àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ máa lọ?

Tọ́ọ̀ṣìLọ́wọ́
Ẹ má pín o, ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ ṣe jáde ni kẹ́ ẹ ṣe padà.

ÒkèLỌ̀rẹ́Mi
Òjò: ẹ̀wù òjò fún gbogbo yín, àti ẹ̀wù tó móoru kan nínú ọ̀rá tómi ò lè wọ̀, kódà tí oòrùn bá ń ràn nígbà tẹ́ ẹ ń jáde. Bí èèyàn ṣe ń gòkè lòtútù ń pọ̀ sí i, bíi ìwọ̀n 6.5 lórí Celsius fún mítà 1,000, fún mítà 500 ó tó ìwọ̀n mẹ́ta, kẹ́ ẹ wá fi atẹ́gùn àti aṣọ tútù kún un, ọmọdé á máa gbọ̀n kíákíá. Àrá: tẹ́ ẹ bá rí mànàmáná, ẹ máa ka ìṣẹ́jú àáyá títí ẹ fi máa gbọ́ ìró, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta mẹ́ta jẹ́ kìlómítà kan. Tí kò bá pé 30, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí òkè, ẹ má dúró sábẹ́ igi tó dá wà, kẹ́ ẹ má sì tún gòkè àfìgbà tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá kọjá lẹ́yìn ìgbà tẹ́ ẹ gbọ́ àrá kẹ́yìn. Odò yẹn náà, ẹ ṣọ́ ọ, òjò lè rọ̀ lókè odò kí oòrùn máa ràn lọ́dọ̀ yín, omi á kàn dé lójijì. Tẹ́ ẹ bá rí i tó pọ́n, tó ń gbé igi àti ewé, ẹ má rékọjá, omi tó dé orúnkún tó ń sáré lè gbé àgbàlagbà ṣubú.

ÌyáỌmọMéjì
Ó dáa, ẹ wo ibi tí mo bá a dé. Ọjọ́ kìíní, ẹ̀bá odò, kìlómítà méjì àlọ, méjì àbọ̀. Ọjọ́ kejì, a gbéra ní aago 8, aago ìyípadà jẹ́ 11 ààbọ̀, màmá ló máa wà níwájú. Ọjọ́ kẹta mi ò ṣètò nǹkan kan, ẹsẹ̀ ló máa sọ. Mo ti ra fèrè méjì, èyí àbúrò ti ń fọn láti àárọ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ ọ̀pá méjì yẹn fún màmá mi, wọ́n ní àwọn ò tíì darúgbó tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo wọ yàrá wọn báyìí mo bá wọn tí wọ́n mú igi ìgbálẹ̀ méjì dání, wọ́n ń fi wọ́n wọn ara wọn níwájú dígí.

MàmáÀgbà_63
Ó yẹ kí ìgbọ̀nwọ́ wọn tẹ̀ bí igun ilé tí wọ́n bá di ọ̀pá mú lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, sọ fún wọn. Bàtà àwọn ọmọ ńkọ́, ẹ ti rà á?

ÌyáỌmọMéjì
Ìrọ̀lẹ́ yìí ni mà, pẹ̀lú sọ́ọ̀sì lọ́wọ́.